Bí a ṣe ń gbọ́ roots reggae dé ìdí

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ roots reggae dáadáa, ìyẹn orin reggae Jàmáíkà tó kún fún ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ìtàn àwọn ọmọ dúdú, ìsàlẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn olórin ló kọ́kọ́ ń wọ etí, òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń tẹ̀ lé títí orin á fi parí. Ṣùgbọ́n àwọn tó dá orin yìí sílẹ̀ ní Jàmáíkà, ìlù àti báàsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, kí gìtá àti dùùrù tó jókòó lé e, kí olórin tó wá la ẹnu. Ìlù yẹn sì ti jẹ́ àdúrà kó tó di ohun tí wọ́n ń tà nínú àwo. Ohun tí a kọ síbí wà fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ gbogbo ohun tó wà nínú orin kan ṣoṣo, àti fún ẹni tó fẹ́ lù ú bó ṣe yẹ kí wọ́n lù ú.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ

Nǹkan mẹ́ta lẹ máa nílò: ẹ̀rọ tó lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, orin kan, àti Bíbélì.

Fóònù lásán kò tó. Okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì olókùn mẹ́rin máa ń gbọ̀n nígbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, sípíkà kékeré inú fóònù kò sì lágbára láti gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde. Gìtá, dùùrù àti olórin nìkan lẹ máa gbọ́. Ìdajì orin á ti sọnù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Hẹ́dífóònù tó bo gbogbo etí dáa. Sípíkà ńlá tó dúró sílẹ̀ tún dáa jù ú lọ, nítorí ara pàápàá yẹ kó gbọ́ báàsì yìí. Ẹ má sì yí bọ́tìnì báàsì sókè jù. Tó bá ti pọ̀ jù, ohùn ìsàlẹ̀ á dàrú mọ́ra, ẹ ò ní mọ ìgbà tí báàsì kúrò lórí ohùn kan bọ́ sórí òmíràn, bẹ́ẹ̀ orin gidi ni báàsì ń kọ níbẹ̀.

Ní ti orin, ẹ mú èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Jàmáíkà láàárín 1973 sí 1979. Àwo tí olórin Burning Spear gbé jáde ní 1975, tó fi orúkọ Marcus Garvey pè, wúlò gan-an fún ẹ̀kọ́ yìí. Ìtàn kún inú rẹ̀, wọ́n sì ṣe ẹ̀dà dub rẹ̀ ní 1976, Garvey's Ghost, níbi tí wọ́n ti dín ohùn olórin kù débi pé ìlù àti báàsì hàn sí gbangba. Ẹ má gbọ́ odidi àwo lẹ́ẹ̀kan. Orin kan ni kí ẹ mú, kí ẹ gbọ́ ọ nígbà márùn-ún, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé nǹkan kan ṣoṣo ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà kìíní: ẹ ka ìlù

Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín máa ka 1, 2, 3, 4. Nínú ọ̀pọ̀ roots reggae, kíkà yìí máa ń tó 130 sí 150 láàárín ìṣẹ́jú kan. Gìtá tó ń ké ṣókí, orí 2 àti orí 4 lẹ ti máa gbọ́ ọ. Wàyí, ẹ wá ibi tí ìlù ti balẹ̀. Kick, ìyẹn ìlù ńlá tí onílù ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, àti igi tó fi ń kan etí snare, ìlù kékeré tó wà níwájú rẹ̀, orí 3 ni àwọn méjèèjì ti jọ ń dún pọ̀. Orí 1 ńkọ́? Ó ṣófo. Onílù kò kan nǹkan kan níbẹ̀, àfi hi-hat, àwo irin méjì tó ń pàdé ara wọn, tó ń lọ ṣẹ́-ṣẹ́-ṣẹ́ lókè. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní one drop nìyí: kíkà àkọ́kọ́ ni wọ́n jù sílẹ̀.

Ibí gan-an ni etí tí rọ́ọ̀kù tàbí fọ́ǹkì ti mọ́ lára ti máa ń ṣìnà. Nínú àwọn orin wọ̀nyẹn, orí 1 ni ìlù ńlá ti máa ń balẹ̀, nítorí náà ibi tí etí bá ti gbọ́ kick ló máa pè ní 1. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, gbogbo orin ti dojú dé. Ọ̀nà láti mọ̀ ni pé kí ẹ ṣọ́ ibi tí báàsì àti dùùrù ti ń pààrọ̀ kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tó jọ ń dún pọ̀. Orí 1 ni kọ́ọ̀dù tuntun sábà máa ń wọlé. Tí ìlù bá balẹ̀ ní kíkà méjì lẹ́yìn ibẹ̀, ẹ ti rí ọ̀nà. Àwọn olórin mìíràn máa ń ka ìdajì iye yìí, ìyẹn 65 sí 75. Nínú kíkà tiwọn, orí 2 àti 4 ni ìlù ti ń balẹ̀, gìtá á sì bọ́ sáàárín kíkà. Orin kan náà ni; ẹ ṣáà mú ọ̀nà kan, kí ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Ẹ wá gbọ́ hi-hat fúnra rẹ̀. Carlton Barrett, onílù àwọn Wailers, ẹgbẹ́ olórin Bob Marley, kì í jẹ́ kó lọ gbọọrọ. Ó máa ń pín kíkà sí mẹ́ta-mẹ́ta, ó ń dá ọ̀rọ̀ sí i, ó ń dákẹ́, ó tún ń dá a sí, nígbà tí orí 3 kò yí padà rárá. Ẹ fi iyè sí èyí, nítorí ibẹ̀ la máa padà sí tí a bá dé ọ̀dọ̀ ìlù àwọn àgbà.

Ẹni tó fẹ́ lù ú: ẹ fa awọ snare le koko kó lè dún tín-ín-rín, kí ẹ sì ki aṣọ tó nípọn sínú kick kó má baà máa dún lọ. Ẹ tẹ́ igi sórí awọ snare, kí ẹ fi ọwọ́ di orí rẹ̀ mú lójú kan náà, kí ẹ wá fi ìdí igi náà kan irin etí ìlù. Iṣẹ́ tó le jù ni pé kí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹsẹ̀ bá ṣáájú díẹ̀, "gbí-ká" lẹ máa gbọ́, ìlù ti di méjì. Ẹ fi ẹ̀rọ gba ara yín sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ. Ohun tí etí kì í mọ̀ nígbà tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ á sọ ọ́. Àṣìṣe kejì ni pé ara máa ń yá onílù tuntun láti fi nǹkan sí orí 1. Kó sinmi. Òfìfo yẹn ni gbogbo orin yòókù rọ̀ mọ́.

Irú ìlù méjì mìíràn wà tí ẹ máa bá pàdé. Rockers ni ti onílù Sly Dunbar, tó gbilẹ̀ ní sítúdíò Channel One ní àárín àwọn ọdún 1970; iṣẹ́ ìlù pọ̀ níbẹ̀, ó sì le ju one drop lọ. Steppers ni èyí tí kick ti ń dún lórí kíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ìgbà tí àwọn ọmọ ogun ń yan.

Ìgbà kejì: báàsì

Ẹ má ṣe gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹ fi imú kọ orin báàsì náà títí tí ẹ fi lè máa kọ ọ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ̀rọ. Tí ẹ bá kọ ọ́ dáadáa, ẹ máa rí i pé ìsinmi inú rẹ̀ pọ̀ tó ohùn inú rẹ̀. Aston Barrett tí wọ́n ń pè ní Family Man, ẹ̀gbọ́n Carlton, máa ń fi àyè sílẹ̀ bí ẹni tó sọ̀rọ̀ tán tó ń dúró de ìdáhùn. Leroy Sibbles ṣe bẹ́ẹ̀ ní Studio One, sítúdíò tí Coxsone Dodd ṣí ní 13 Brentford Road ní Kingston ní 1963. Irú báàsì tí àwọn wọ̀nyí dá sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní riddim: olórin mìíràn lè gbé e lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kó kọ ọ̀rọ̀ tuntun lé e, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní olè.

Tí ẹ bá fẹ́ lù ú, àtàǹpàkò ni kí ẹ lò, kì í ṣe pick, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ta okùn, kí ẹ sì ta okùn náà níbi tí ọrùn gìtá ti pàdé ara rẹ̀. Ẹ yí bọ́tìnì ohùn lára gìtá sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Okùn tí wọ́n wé pẹlẹbẹ ló yẹ, torí kì í hó bí èyí tí wọ́n wé roboto. Bí ohùn bá ń pẹ́ jù kó tó kú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kan okùn díẹ̀ níbi tó ti so mọ́ ìdí gìtá. Ẹni tó ń kún àyè ìsinmi pẹ̀lú ohùn kéékèèké ń ba iṣẹ́ jẹ́, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó.

Ìgbà kẹta: gìtá àti dùùrù

Èyí kò pẹ́. Gìtá kàn ń ké lórí 2 àti 4 ni: ọwọ́ òsì tẹ kọ́ọ̀dù, ọwọ́ ọ̀tún gbá okùn mẹ́ta tó tín-ín-rín jù, ọwọ́ òsì sì tú ìtẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láì kúrò lára okùn, kí ohùn náà kú. Bí ìka bá kúrò lára okùn pátápátá, á máa dún lọ, á sì bo àyè tó yẹ kó ṣófo. Dùùrù ló ń kún ẹ̀yìn rẹ̀: ọwọ́ òsì ní àárín 1 àti 2, ọwọ́ ọ̀tún lórí 2, ọwọ́ òsì ní àárín 2 àti 3, kó sinmi lórí 3, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń hó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí omi lórí iná, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní bubble. Kò gbọdọ̀ pariwo. Tí ẹ bá gbọ́ ọ kedere ju gìtá lọ, ẹ dín in kù.

Ìlù tó wà lábẹ́ ìlù

Ẹ dá orin náà dúró ná, nítorí ohun tí ẹ ti gbọ́ láti ìgbà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní sítúdíò. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti inú ìsìn àwọn Rasta wá, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn Jàmáíkà tó gbà pé Ọlọ́run ni Haile Selassie, ọba Etiópíà; inú ìlù ìsìn wọn tó ń jẹ́ Nyabinghi ló wà. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni orúkọ yẹn ti ṣẹ̀, láti agbègbè Uganda àti Rwanda, níbi tí àwọn olùsìn Nyabinghi ti gbógun ti àwọn òyìnbó amúnisìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Ìlù mẹ́ta ni. Bass ló tóbi jù, olójú méjì, àgbá ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ọ̀pá tí wọ́n fi aṣọ wé lórí ni wọ́n sì ń fi lù ú. Ẹyọ kan ṣoṣo ló máa ń wà láàárín agbo. Funde ni ó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lù ú, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó di orin mú. Repeater, tí wọ́n tún ń pè ní kete, ló kéré jù, awọ rẹ̀ ló le jù, òun sì ni olórí.

Kí onílù Yorùbá dúró níbí díẹ̀. Nínú àwùjọ dùndún, ìyáàlù tó tóbi ló ń sọ̀rọ̀, àwọn kéékèèké ló ń gbè é. Ní ti Nyabinghi, ó yí padà: èyí tó tóbi dúró sójú kan, èyí tó kéré ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń retí pé kí bass dárà máa dúró títí.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni mẹ́ta, ẹ lè kọ́ ọ báyìí. Kí funde nìkan bẹ̀rẹ̀, kó lù fún ìṣẹ́jú 5 láì yí ohunkóhun padà: gbì-gbì, ìsinmi, gbì-gbì, ìsinmi, bí àyà ṣe ń lù. Ìṣẹ́jú 5 yìí gùn lójú ẹni tí kò tíì ṣe é rí, òun sì ni ìdánwò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí bass wọlé lórí 1 àti 3. Kí ọ̀kan dún gbàǹgbà, kí ẹ fi ọwọ́ tàbí orí ọ̀pá tẹ èkejì mọ́lẹ̀ kó má dún lọ. Agbo kan máa ń jẹ́ kí ti orí 1 dún, òmíràn a sì jẹ́ kó jẹ́ ti orí 3. Ẹ fohùn ṣọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Repeater ló kẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ kún gbogbo àyè. Kó gbọ́ ohun tí àwọn tó ń kọrin sọ, kó dá wọn lóhùn, kó dákẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni eré sísá. Bí ara àwọn akọrin bá ti ń gbóná, funde á máa yára láì mọ̀, nígbà tó bá sì fi máa tó ìṣẹ́jú 10, àyà tó ń lù jẹ́jẹ́ ti di ti ẹni tó ń sá fún ejò. Ẹni tó bá ní sùúrù jù nínú yín ni kó di funde mú, kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èkejì ni awọ. Awọ ewúrẹ́ máa ń dẹ̀ tí ọ̀rinrin bá wà, repeater á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi funde. Ẹ jẹ́ kó yáná díẹ̀, kí ẹ máa fi ìka kàn án wò. Ẹ má fi sílẹ̀ lọ. Tó bá gbóná jù, etí ibi tí wọ́n ti fà á ló ti máa ya.

Ìlù yìí ní baba tirẹ̀. Àwọn Rasta àkọ́kọ́ kò ní ìlù tó jẹ́ ti ara wọn. Ní àwọn àdúgbò tálákà ìwọ̀-oòrùn Kingston, ní àwọn ọdún 1940, wọ́n bá àwọn onílù Buru pàdé. Ìlù Buru ti wà láti ayé oko ẹrú, òun náà ni wọ́n sì fi ń kí ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé káàbọ̀ sáàárín ará. Àwọn Buru ní ìlù, àwọn Rasta ní ẹ̀kọ́. Wọ́n pa á pọ̀. Kumina, ìsìn àwọn ọmọ Kóńgò tí wọ́n kó dé Jàmáíkà, náà dá sí i. Count Ossie, onílù Rasta kan, ló gbé àpapọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. Agbo rẹ̀ ní Wareika Hill, ìlà-oòrùn Kingston, ni àwọn afunfèrè bíi Don Drummond àti Rico Rodriguez ti wá ń bá ìlù fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ní nǹkan bí 1960, olórin Prince Buster gbé Ossie àti àwọn onílù rẹ̀ wọ sítúdíò láti lù fún ẹgbẹ́ olórin Folkes Brothers nínú "Oh Carolina", ìlù tí àwọn ọmọlúàbí ìlú kò fẹ́ gbọ́ rárá sì bọ́ sórí rédíò. Ní 1973 ni Ossie ṣe Grounation, àwo mẹ́ta nínú ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ funde àti repeater láìsí gìtá tó bò wọ́n, ibẹ̀ ni kó lọ.

Kì í ṣe Kóńgò nìkan ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ o. Abúlé kan wà ní Westmoreland, ní ìwọ̀-oòrùn Jàmáíkà, tó ń jẹ́ Abeokuta títí dòní, àwọn ọmọ Nàgó ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ìlù tiwọn, Ettu, ṣì wà ní Hanover nítòsí ibẹ̀. Kì í ṣe òun ló di reggae, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ yẹn.

Ẹ padà sí orin yín. Báàsì ti gba iṣẹ́ ìlù ńlá. Gìtá tí kì í yí padà ń ṣe iṣẹ́ funde. Hi-hat Carlton Barrett, tó ń dá ọ̀rọ̀ sí i tó sì ń dákẹ́, repeater ni.

Àwọn ọdún tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀

Olórin roots kì í ṣàlàyé ìtàn; ó máa ń dárúkọ, ó gbà pé ẹ mọ̀. Nítorí náà ẹ kọ ìwọ̀nba wọ̀nyí sórí ìwé.

Ní 1655 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Jàmáíkà lọ́wọ́ àwọn Sípéènì. Òmìnira pátápátá kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú títí di 1838. Marcus Garvey, ọmọ St Ann's Bay tí wọ́n bí ní 1887, dá UNIA, ẹgbẹ́ tó ń wá ìṣọ̀kan àwọn ọmọ dúdú, sílẹ̀ ní 1914, ó sì dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Black Star Line sílẹ̀ ní 1919. Nítorí náà, tí orin bá ń retí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá kó àwọn ènìyàn lọ sílé, ọkọ̀ Garvey ló ń rántí. Ìlú kan náà ni wọ́n ti bí Burning Spear. Àwọn Rasta gbà pé Garvey ló ní kí wọ́n máa wo Áfíríkà, pé wọ́n máa dé ọba dúdú kan ládé níbẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri, kò sí nínú àwọn ìwé Garvey tí a mọ̀, Garvey fúnra rẹ̀ sì bu ẹnu àtẹ́ lu Haile Selassie nígbà tó yá. Èyí kò dín agbára ọ̀rọ̀ náà kù fún àwọn tó gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá 1930, wọ́n dé Ras Tafari Makonnen ládé ní Addis Ababa, ó sì di Haile Selassie, Ọba àwọn ọba, Kìnnìún ẹ̀yà Júdà. Orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ni Rasta ti wá. Leonard Howell, tó ń wàásù rẹ̀ ní Jàmáíkà, lọ sẹ́wọ̀n ní 1934. Ó dá àgọ́ Pinnacle sílẹ̀ ní St Catherine ní 1940, àwọn ọlọ́pàá sì tú u ká ní 1954. Ní oṣù Kẹrin 1963, lẹ́yìn ìjà kan ní Coral Gardens, ọlọ́pàá àti sójà kó Rasta káàkiri, wọ́n lù wọ́n, wọ́n gé irun wọn. Ìjọba kò tọrọ àforíjì títí di 2017. Bí ohùn olórin roots bá mì lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, kò sọ àsọdùn.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 1966 ni Haile Selassie balẹ̀ sí Kingston. Èrò ya wọ pápákọ̀ òfuurufú débi pé kò lè sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mortimer Planno, àgbà Rasta, ló bá àwọn èrò sọ̀rọ̀ kí ọ̀nà tó là. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní Grounation Day, wọ́n ṣì ń fi ìlù ṣe ìrántí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀sìn yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú orin Kingston gan-an.

Ìgbà kẹrin: ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀, pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀ fúnra yín láti etí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń kọ ọ́ síbẹ̀ máa ń ṣi pátóà, èdè àwọn ará Jàmáíkà, gbọ́. Ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ, ibi, àti ọ̀rọ̀ tó bá jọ ti Bíbélì, kí ẹ wá máa wá orísun wọn.

Jah, orúkọ tí wọ́n ń pe Ọlọ́run, wà nínú Sáàmù 68 ẹsẹ 4 nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, èyí tí àwọn Rasta ń kà. Ẹ tẹ̀ síwájú nínú Sáàmù kan náà dé ẹsẹ 31, ẹ máa bá Etiópíà tó ń na ọwọ́ sí Ọlọ́run. Kìnnìún Júdà wà nínú Ìfihàn 5 ẹsẹ 5. Irun tí abẹ kò gbọdọ̀ kàn, Númérì 6 ẹsẹ 5 ni. Àwọn tó jókòó lẹ́bàá odò Bábílónì tí wọ́n ń sunkún, tí àwọn tó kó wọn lẹ́rú sì ní kí wọ́n kọrin, Sáàmù 137 ni. Ẹgbẹ́ olórin Melodians sọ ọ́ di orin ní 1970, ẹni tí wọ́n kó baba ńlá rẹ̀ gun ọkọ̀ ojú omi kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Bábílónì ní ìtumọ̀ tó ń sún kiri. Nígbà mìíràn ó jẹ́ ìjọba tó kó ènìyàn lẹ́rú, nígbà mìíràn ọlọ́pàá tó wà ní ìkóríta, nígbà mìíràn gbogbo ètò ayé tó ń fi owó wọn ènìyàn. Gbólóhùn tó yí i ká ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Síónì ni Etiópíà, ó sì tún jẹ́ gbogbo Áfíríkà. Kì í ṣe ọ̀run lẹ́yìn ikú. Haile Selassie yọ̀ǹda ilẹ̀ ní Shashamane ní Etiópíà ní 1948 fún àwọn ọmọ dúdú tó wà lẹ́yìn odi, àwọn Rasta sì lọ ń gbé níbẹ̀. Ẹni tó ń kọrin pé òun ń lọ sílé lè máa sọ nípa tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.

"I and I" ni ó máa ń da ènìyàn láàmú jù. Ó lè túmọ̀ sí èmi, ó lè túmọ̀ sí àwa. Ìdí rẹ̀ ni pé Jah wà nínú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti nínú ẹni tó ń gbọ́, nítorí náà kò sí "ìwọ" tó jìnnà. Àwọn Rasta gbà pé ohùn inú ọ̀rọ̀ lágbára fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé orúkọ ń ro ọmọ kò ní rí èyí bí àjèjì. Bí "oppression" bá ń tẹ ènìyàn sísàlẹ̀, kí ló dé tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fi ń dún bí ohun tó ń lọ sókè? Wọ́n sọ ọ́ di downpression. Ẹni tó lóye kò yẹ kó wà lábẹ́ ohun tó lóye, nítorí náà wọ́n sọ "understand" di overstand. Ẹ̀dá gbólóhùn ni wọ́n ń tún ṣe, èdè ọ̀gá ni wọ́n ń fọ̀ mọ́.

Ẹ má gbàgbé pé ọ̀rọ̀ lè wá láti ẹnu ènìyàn pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ inú orin "War" tí Bob Marley gbé jáde ní 1976, inú ọ̀rọ̀ tí Haile Selassie sọ níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 1963 ló ti wá. Ìlà tó gbajúmọ̀ jù nínú "Redemption Song" ti 1980, nípa bíbọ́ lóko ẹrú inú ọkàn, ọ̀rọ̀ Garvey ni, ó sọ ọ́ ní Nova Scotia ní 1937. Ẹ wá ọ̀rọ̀ méjèèjì, kí ẹ kà wọ́n sókè, kí ẹ wá gbọ́ bí báàsì ṣe ń gbé wọn.

Ohun kan tó ń ba ìgbọ́ jẹ́ ni kí ènìyàn rò pé igbó mímu ni gbogbo ọ̀rọ̀ Rasta. Òmíràn ni kó rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Agbo Nyabinghi yàtọ̀ sí Bobo Ashanti tí Prince Emmanuel dá sílẹ̀ ní 1958, wọ́n sì yàtọ̀ sí Twelve Tribes of Israel ti 1968, níbi tí àwọn olórin Bob Marley àti Dennis Brown ti wà nígbà ayé wọn. Bí olórin bá dárúkọ ẹ̀yà Júósẹ́fù tàbí kó máa ka orí Bíbélì kan lójoojúmọ́, Twelve Tribes ló ṣeé ṣe kó ti wá.

Ìgbà karùn-ún: dub

Ẹ wá tan ẹ̀dà dub orin kan náà. Osbourne Ruddock, King Tubby, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Dromilly Avenue ní Waterhouse, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ lè jẹ́ olórin. Ó yọ ohùn kúrò, ó fi gbólóhùn kan sílẹ̀ kó máa dún lọ bí ìró inú ihò àpáta, ó yọ báàsì, ó dá a padà. Tí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ ìgbà mẹ́rin àkọ́kọ́ dáadáa, ẹ máa ṣàkíyèsí pé ẹ ṣì ń gbọ́ báàsì nínú orí yín nígbà tó yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló fẹ́.

Ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà bí ẹ bá ní orin tí ohùn ìlù, báàsì, gìtá àti olórin wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìró àtúnpè ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣètò. Ẹ pín 60,000 sí iye kíkà orin náà. Bí kíkà bá jẹ́ 140, ẹ máa rí 428 àti díẹ̀. Kí ìró náà máa padà lẹ́yìn ìdá 428 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá fẹ́ kó máa ta ko ìlù díẹ̀, ẹ mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn 321. Iye tí ẹ kàn fi ojú dá máa ń jẹ́ kí ìró bọ́ sórí ibi tó yẹ kó ṣófo, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Ẹ gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò nínú ìró náà, kó má baà bo báàsì. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ kan tàbí ìkànlù kan ni kí ẹ rán sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì yára ti ọ̀nà rẹ̀ padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ báàsì àti ìlù kúrò fún ọ̀nà mẹ́rin, ìyẹn kíkà 16, kí gìtá nìkan máa ké pẹ̀lú ìró rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá wọn padà, orí 1 ni kí ẹ ti ṣí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Báàsì nìkan ló máa kọ́kọ́ dún níbẹ̀. Ẹ dúró. Ìlù ń bọ̀ lórí 3.